Róòdù líle tá a jó sí hámà ẹ̀rọ òkúta mi ń ṣí bí èèpo. Ta ló jẹ̀bi?

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà), Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí, orí mi ti fẹ́ dàrú.

Mo ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ìlú níbí tí mo fi ń lọ òkúta fún àwọn awakùsà. Ẹni tó bá mọ apá Iperindo á mọ irú òkúta tí mò ń wí, òkúta funfun tí wúrà máa ń sá pamọ́ sí. Hámà 16 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ẹ́ńjínì dísù ló ń yí i. Òkúta á wọlé bí ìkúùkù, á jáde bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ ń bẹ, oníbàárà ò sì dá.

Hámà ni kò jẹ́ kí n jèrè. Tuntun kì í lò ju ọjọ́ 12 lọ tí igun rẹ̀ á fi di róbótó, bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ ọmọ márùn-ún. Wẹ́dà mi, tó ti ṣiṣẹ́ ní kúárì rí, ní kí n lọ ra róòdù líle. Ó ní tí òun bá fi bo ojú hámà, òkúta á pàdé ẹni tó jù ú lọ. Mo rà á, ó jó o, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tutù ni mo ń gbọ́ tín-ín, tín-ín, bí ìgbà tí adìẹ ń ṣá àgbàdo lórí páànù. Nígbà tí mo máa wò ó, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti la ojú rẹ̀ já. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, a bá gbé e sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kejì, nǹkan fò nínú ẹ̀rọ, gbàgà! Èyí tó tó àkàrà ló ṣí kúrò lára hámà kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, hámà 5 ti bó èèpo.

Ṣé àwọn ìlà yẹn ló fà á ni, àbí ayédèrú róòdù ni wọ́n tà fún mi? Èmi ń bínú sí wẹ́dà, wẹ́dà ń bínú sí ẹni tó ta róòdù, ẹni tó ta róòdù ò gbé fóònù mọ́.

Òṣómàáló_Kékeré, 8:31 àárọ̀

Ìwọ Ìjẹ̀ṣà, owó rẹ há sọ́wọ́ ẹnì kan, o wá ń kọ lẹ́tà síbí? Àwọn bàbá wa kì í kọ lẹ́tà. Wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Wá ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mú àpótí dání o, nítorí orúnkún.

Tọ́nà_Lágere (Ifẹ̀), 9:02 àárọ̀

Ayédèrú ni, kò lọ́rọ̀ nínú. Irin tí wọ́n bá jó dáadáa kì í sán. Kí wẹ́dà tó ní ìlà ò ṣe nǹkan kan wá sọ fún mi bóyá òun á wọ ọkọ̀ tí ṣáàfù rẹ̀ ti sán. Dá róòdù padà, kó o ra gidi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin (Ifẹ̀), 10:47 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Tọ́nà, ẹ má bínú, ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti bá yín lọ. Ẹ̀kọ́ nípa irin àti àwọn ohun èlò ni mò ń kọ́ ní OAU, mo sì ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ tó dára gan-an.

Róòdù tó wọ́pọ̀ jù fún òkúta àti yanrìn, kúrómíọ̀mù ló pọ̀ nínú ohun tó ń dà sílẹ̀, bí 25 sí 30 nínú 100, kábọ̀n á sì tó 3 sí 5. Àwọn méjèèjì á so pọ̀ di wóró kábáìdì, wóró yẹn sì le ju òkúta funfun fúnra rẹ̀ lọ. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó, 7 ni òkúta funfun yín. Irin lásán ò dé ibẹ̀, ìyẹn ni òkúta ṣe ń fá a bí ẹni ń fá àgbọn. Ibi ìwakùsà ńlá ti Segilola, tó da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2021, kò jìnnà sí yín. Ọ̀tá kan náà ni gbogbo yín jọ ní.

Àmọ́ irin tó bá le tó báyẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń nà. Tó bá ń tutù, ó fẹ́ sún kì, irin hámà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ní òun ò ní sún. Ó di dandan kó là, bí ilẹ̀ àbàtà ṣe ń là nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Tín-ín tín-ín tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ká ní róòdù irú èyí ò là rárá, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa bẹ̀rù, torí á jẹ́ pé irin abẹ́ ti yọ́ mọ́ ọn jù, ó sì ti bu omi là á. Àwọn róòdù líle mìíràn wà tí kò yẹ kí wọ́n là o, ẹ má lọ sọ pé mo ní gbogbo ìlà ló dára.

Ibi tí ìlà náà dúró sí lọ̀rọ̀ wà. Ó yẹ kó gba ìbú, kó sì dúró níbi tí irin hámà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá yà, tó gba abẹ́ lọ, ó ti di ṣíṣí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Obòkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí délẹ̀, kí ẹ sọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí fún wa.

Ìyá_Ẹlẹ́kùrọ́ (Iléṣà), 11:05 àárọ̀

Ọmọ mi, kábáìdì wo nìyẹn? Ṣé èyí tí àwọn panẹbítà máa ń da omi sí tó ń rùn, tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tipátipá? Tó bá jẹ́ òun ni, kó má sún mọ́ ẹ̀rọ àdí mi o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin (Ifẹ̀), 11:12 àárọ̀

Rárá o, Mà. Ọbàkan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìyèkan. Kábọ̀n ni bàbá wọn méjèèjì. Ti panẹbítà, kálísíọ̀mù ni ìyá rẹ̀, òun ló ń mú un bá omi jà tó fi ń yọ gáàsì. Ti róòdù yìí, kúrómíọ̀mù ni ìyá rẹ̀. Ẹ rì í sómi di ọdún tó ń bọ̀, kò ní dún.

Bàbá_Ìlódè (Ifẹ̀), 1:20 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Láti àárọ̀ lẹ ti ń jà lórí róòdù, ẹnì kan ò bèèrè irin tí wọ́n jó o sí.

Ọmọ Obòkun, irin kí ni hámà rẹ? Má sọ fún mi pé "irin líle". Wá sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, yọ òòfà inú rẹ̀, gbé e sára hámà níbi tí iná ò dé. Kó o sì sọ fún mi: lẹ́yìn tí wẹ́dà jó o tán, ibo ló gbé e sí kó tutù?

Òṣómàáló_Kékeré, 1:26 ọ̀sán

Bàbá ti gbé ọpọ́n kalẹ̀. Ifẹ̀ ni irin Ògún Ládìn wà, láàfin Ọọ̀ni, ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà), 5:38 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú àánú mi. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn gbàgì, mo ní láti fi èékánná ṣí i. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti rí irin náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó nípọn jù ni mo ní kí wọ́n gé, kí wọ́n sì lu ihò sí.

Ẹ̀yìn èyí tó ṣí kò dán. Ó gbé ẹran hámà dání. Ibi tó ti kúrò jin bíi kòtò kékeré, inú rẹ̀ rí bí eérú, ó sì ń ta wíní wíní bí iyọ̀ òyìnbó.

Omi ló gbé e sí. Dúrọ́ọ̀mù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ti jó ìlà méjì, á rì í, omi á hó ṣàà, á tún gbé e jáde. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kúárì nìyẹn, pé tí wọ́n bá jẹ́ kó gbóná, ó ti bàjẹ́.

Bàbá_Ìlódè (Ifẹ̀), 8:10 alẹ́

Ó tán. Róòdù ò ṣẹ̀ ọ́. Wẹ́dà rẹ náà ò purọ́. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbì kan ló gbé lọ síbi tí kò ti wúlò.

Ní kúárì tó ti ṣiṣẹ́, irin máńgánísì ni hámà wọn àti eyín ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Òòfà kì í gbé irin yẹn. Tí òkúta bá ti lù ú pẹ́, ojú rẹ̀ lè fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ gbàgì. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irin yòókù: bí o bá ṣe ń lù ú ni ojú rẹ̀ ń le sí i, inú rẹ̀ á sì rọ̀ títí. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Tó bá gbóná pẹ́, á gan, á sì fọ́ bí ìkòkò. Àwa tá à ń jó o, díẹ̀ là ń jó, a ó fò lọ sápá kejì, a ó da omi sí i. Òótọ́ ni wẹ́dà rẹ wí fún irin tó mọ̀.

Sípíríǹgì ńkọ́? Bi alágbẹ̀dẹ tó ń fi sípíríǹgì rọ àdá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá mú un pọ́n nínú iná tó sì tì í bọ omi. Á le bí ìgò, á sì ṣẹ́ bí ìgò. Ìdí nìyẹn tí alágbẹ̀dẹ fi máa ń dá a padà sí iná díẹ̀, kó lè rọ̀ lọ́kàn. Wẹ́dà rẹ ti ọwọ́ ara rẹ̀ sọ abẹ́ ibi tó jó di ìgò, fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀yìn ìwé. Òkúta lù ú, ìgò yẹn là, ó gbé róòdù orí rẹ̀ lọ. Róòdù lẹ̀ dáadáa, ṣebí òun ló fa ẹran já? Ká ní kò lẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá dán, ì bá sì ní dúdú dúdú ìpẹtà tàbí ọ̀rá.

Tó ò bá gbà mí gbọ́, mú fáìlì ọwọ́ tuntun. Fi rá ìdí hámà, á jẹ díẹ̀. Wá fi rá etí kòtò yẹn, kó o gbọ́ bó ṣe máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin (Ifẹ̀), 8:44 alẹ́

Bàbá, ẹ ti pa iṣẹ́ náà. Kí n kàn fi iye sí i. Irin máńgánísì tí ẹ wí, Robert Hadfield ló ṣe é ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1882. Máńgánísì inú rẹ̀ máa ń tó 11 sí 14 nínú 100. Tí a bá ń jó o, kò yẹ kí ara rẹ̀ kọjá bí 260°C. Sípíríǹgì ọkọ̀, kábọ̀n rẹ̀ máa ń ju ìdajì ẹyọ kan lọ díẹ̀ nínú 100, ìyẹn ló ń jẹ́ kó gbà kí omi sọ ọ́ di ìgò. Tiẹ̀, ó fẹ́ kí ara rẹ̀ ti tó 200 sí 300 kí iná tó kàn án, kó sì tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, irin yín àti ti kúárì ò lè jẹ oògùn kan náà. Ẹ tún wo ibi tí róòdù yín ń sùn. Àkókò òjò la wà yìí, tí páálí rẹ̀ bá ti fa ọ̀rinrin, háídrójìn inú omi yẹn á wọ inú irin, á jókòó síbẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì kó tó là, nígbà tí gbogbo yín ti ní iṣẹ́ pé.

Tọ́nà_Lágere (Ifẹ̀), 9:15 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gba ti ìlà, mo gba ti omi. Ṣùgbọ́n èmi ti rí àwọn tó ń jó sípíríǹgì ní tútù, tí kò ṣí, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Bàbá_Ìlódè (Ifẹ̀), 9:21 alẹ́

Èmi náà wà lára wọn nígbà èwe mi. Ìgbà tó bá jẹ́ ilẹ̀ lò ń gbẹ́ tàbí koríko lò ń gé, ó lè gbà fún ọ. Hámà tó ń lu òkúta láti àárọ̀ dalẹ́ ò ní gbà. Ká má jiyàn, o ti rí ohun tó bá ọmọ yìí.

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà), 9:30 alẹ́

Mo rá a ní fáìlì o. Etí kòtò yẹn, fáìlì kàn ń sáré lórí rẹ̀ ṣìnrìn. Mo ti pe wẹ́dà, mo tọrọ àforíjì. Ó bèèrè pé báwo wá ni kí òun ṣe é.

Bàbá_Ìlódè (Ifẹ̀), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Kó wá jókòó ka èyí.

Àwọn tó ti ṣí, kó má jó nǹkan kan lé kòtò yẹn lórí. Kó fi ẹ̀rọ ìfáìlì jẹ ẹ́ wọlé títí gbogbo ibi tó ti di ìgò á fi kúrò. Ibi tí kò bá ti dá a lójú, kó fi fáìlì ọwọ́ dán an wò. Ọ̀rá, ìpẹtà, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ kó lọ.

Kó jẹ́ kí irin yáná. Èédú ni mo máa ń lò, mi ò fẹ́ràn gáàsì fún un torí ojú kan ṣoṣo ló máa ń gbóná sí. Tẹ́ hámà sórí èédú tó ti pọ́n tán, máa yí i bí ẹni ń sun iṣu. Kó tó gbé e síná, kó ti fi fáìlì mú igun kan dán, torí ibi tó dán yẹn ló máa bá a sọ̀rọ̀. Tó bá dà bí koríko gbígbẹ, ó ti ń bọ̀. Tó bá dà bí oyin, ó ti tó, kó gbé e kúrò. Tó bá ti fẹ́ di àwọ̀ aró, ó ti kọjá díẹ̀, kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kó sáré.

Ìlà àkọ́kọ́, kó má fi róòdù líle ṣe é. Ìbáà ṣe róòdù stainless 309 tàbí 312, ìpele kan péré, kó tẹ́ ẹ bí tìmùtìmù. Ó rọ̀, ó sì lè nà, ìlà tó bá ti orí bọ̀ á dé ibẹ̀, á dúró. Orí rẹ̀ ni kó wá da róòdù líle sí. Kó dín iná kù, ìwọ̀n tí róòdù á fi yọ́ tó, kó má lọ máa wú irin abẹ́ sókè. Ìpele méjì tó, tó bá di mẹ́ta kó ṣíwọ́. Àwọn tó ń to ìpele márùn-ún lérí ara wọn, ẹ̀rù ni wọ́n ń dì.

Lẹ́yìn náà, kó má sí omi. Gba eérú ilé ìdáná kún báńkẹ́tì, eérú gbígbẹ o, rì í sínú rẹ̀ pátápátá, bò ó. Ilẹ̀ á mọ́ kó tó yọ ọ́. Tó bá lọ wò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ṣì máa jó o lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ara hámà ló ń jó o. Igun tó kọ́kọ́ pàdé òkúta nìkan, bíi ìka méjì sẹ́yìn. Ara yòókù ò ṣe nǹkan kan fún òkúta, kí lò ń náwó sí i fún?

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin (Ifẹ̀), 7:32 àárọ̀

Bàbá, àwọ̀ oyin yẹn bá ìwé mu, ó máa ń wà ní bí 240°C. Mo ní ṣọ́ọ̀kì kan tó máa ń yọ́ tí irin bá ti dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè yá a lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣì kù. Òkúta yín ń wọlé bí ìkúùkù, lílù wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fífá nìkan. Róòdù kúrómíọ̀mù dára fún fífá, lílù tó pọ̀ kì í bá a lára mu. Tí ẹ bá lè fọ́ òkúta kéré sí i kó tó wọlé, hámà á pẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bèèrè róòdù tí líle rẹ̀ tó 55 sí 60 lórí Rockwell C, òṣùwọ̀n líle irin, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ti kábáìdì rẹpẹtẹ. Kò ní pẹ́ tó ti kúrómíọ̀mù lórí iyanrìn, àmọ́ ó máa ń gba ìgbájú.

Wọ́n tún máa ń bi mí léèrè nípa gbígbẹ róòdù. Róòdù 7018, róòdù tí wọ́n fi ń jó irin lásán, tó bá ti fa omi, bí 300 sí 350°C fún bíi wákàtí kan ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́. Ààrò búrẹ́dì kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ oòrùn. Ẹ ra ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò.

Tọ́nà_Lágere (Ifẹ̀), 8:05 àárọ̀

Ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni kí n sọ báyìí, kí wọ́n má baà ní mo kàn ń jiyàn. Ọmọ Obòkun, ṣé o wọn hámà rẹ? Tí wọ́n bá jó róòdù púpọ̀ sí ọ̀kan, tí wọ́n jó díẹ̀ sí èkejì, ṣáàfù á máa gbọ̀n, bíárìn á sì lọ kí hámà tó jẹ tán. Lọ yá ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja dídì. Wọn gbogbo wọn, fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bá dọ́gba ni kó o gbé kọjú síra wọn lórí ṣáàfù. Èyí tó bá wúwo jù, jẹ ẹ́ kù níbi ìdí, má fọwọ́ kan ojú tá a jó.

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà), 8:20 àárọ̀

Mi ò wọn wọ́n rí láyé mi. Abájọ tí mo ti pààrọ̀ bíárìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí.

Ìyá_Ẹlẹ́kùrọ́ (Iléṣà), 9:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fún àdí, irin onígígùn tó ń lọ́ bí ìgbín ló wà nínú rẹ̀, tó ń ti ẹ̀kùrọ́ síwájú. Èèpo ẹ̀kùrọ́ tí wọn ò fẹ́ kúrò dáadáa ló ń jẹ ẹ́. Tó bá ti jẹ, àdí á ṣẹ́ kù sínú àkàrà rẹ̀, owó mi ló ń lọ yẹn. Wọ́n fi róòdù líle jó o fún mi, ó dára, mo lò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ìgbà kejì, wẹ́dà mìíràn ní òun á ṣe é lóore, ó jó o nípọn. A tan iná, ẹ̀rọ kú, "hùn-ùn", kò yí. Àyè tó yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti irin tó yí i ká ti di. Ọjọ́ méjì la fi fáìlì jẹ ohun tó fi wákàtí mẹ́ta jó. Ẹ kìlọ̀ fún wọn, ojú tó ń ti ẹ̀kùrọ́ nìkan ni kí wọ́n jó, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n.

Ṣé mo lè ṣe é fún ọlọ ata ọmọ mi náà? Ó ń pààrọ̀ rẹ̀ ṣáá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin (Ifẹ̀), 9:58 àárọ̀

Ẹ má ṣe é, Mà. Irin dídà ni ọlọ ata, kò fẹ́ràn wẹ́dìn, á sán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, róòdù tí wọ́n ṣe fún òkúta, kí ló ń wá nínú ọbẹ̀? Kí wọ́n máa ra tuntun, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ kí ata tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Alákòóso, 10:10 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, torí pé a ti dárúkọ oúnjẹ: ẹ̀rọ tó ti lọ òkúta wúrà rí, kò gbọdọ̀ lọ èlùbọ́ tàbí àgbàdo mọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Kí ẹni tó ń jó róòdù kúrómíọ̀mù náà jáde síta, kó má ṣe é nínú yàrá tó sé. Èéfín rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó tán, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Òṣómàáló_Kékeré, 10:15 àárọ̀

Mo ti gbé àpótí mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ta róòdù o. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní mò ń gba afẹ́fẹ́.

Ọmọ_Obòkun (Iléṣà), ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 7:05 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá jíṣẹ́.

Hámà 8 la ṣe bí Bàbá ṣe wí, a fi 8 sílẹ̀ láìjó kí n lè fojú ara mi rí i. A wọn gbogbo wọn lórí ìwọ̀n ẹlẹ́ja. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èyí tó wúwo jù fi bíi 300 gíráàmù ju èyí tó fúyẹ́ jù lọ! A jẹ wọ́n kù, a tò wọ́n kọjú síra. Ọjọ́ tá a tan ẹ́ńjínì, ife omi tí mo gbé lé ara férémù kò mì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń jó kúrò lórí rẹ̀.

Títí dé ọjọ́ 13, àwọn tá ò jó ti di ọṣẹ ọmọ márùn-ún. Àwọn tá a jó, igun wọn ṣì wà, mo lè fi ìka tọ́ ọn. A yọ àwọn yòókù, a jó wọn náà. Òní ló pé ọjọ́ 31 tí àwọn 8 àkọ́kọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti yí wọn, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan ṣí o. Mo mọ èyí tó ṣí kó tó ṣí. Alẹ́ ọjọ́ tá a jó o, òjò dé, ọmọṣẹ́ mi sì gbàgbé láti fi páànù bo báńkẹ́tì eérú. Ìgbà tá a dé láàárọ̀, eérú ti di ẹ̀kọ. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ nù, wẹ́dà ní ó ṣe é ní àánú, a bá lò ó. Ọjọ́ kẹrin ló fò. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ẹran dání bíi ti àtijọ́.

Ohun tí mi ò retí ni pé ihò tí píìnì gbà kọjá lára hámà ti ń fẹ̀. Tẹ́lẹ̀, hámà kì í pẹ́ tó kí ihò tó lè fẹ̀. Ní báyìí ojú rẹ̀ ṣì dára, ìdí rẹ̀ ló ń yẹ̀. Ihò tó jẹ́ róbótó ti ń dà bí ẹyin. Ṣé kí n da róòdù líle sínú ihò náà, kí n tún un lu?

Tọ́nà_Lágere (Ifẹ̀), 7:18 alẹ́

Má dán an wò! Ta ló máa lu ihò sínú irin tó le ju ohun tí a fi ń luhò? Bùṣì ni yóò gbà, òrùka irin tí wọ́n ń kì bọ inú ihò. Mú hámà méjì àti píìnì kan wá sí Lágere ní Sátidé, má fáìlì wọn, má nù wọ́n, bí wọ́n ṣe jáde látẹ̀rọ ni kí n ṣe rí wọn.

Bàbá_Ìlódè (Ifẹ̀), 7:40 alẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Tó o bá ń bọ̀, yà sọ́dọ̀ mi kó o mú wẹ́dà yẹn dání. Mo ní irin máńgánísì kan níbí tí mo fẹ́ kó bá mi jó. Kó gbé dúrọ́ọ̀mù omi rẹ̀ wá.